Fótò Kẹ́hìndé tí Mo Lọ Yà ní Dublin

Ẹ̀yin ará Ìwó tí ẹ kò jẹ́ kí n sinmi láti ọjọ́ tí mo ti dé, tí ẹ ń bi mí pé báwo ni ìlú òyìnbó ṣe rí, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí n sọ fún yín. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí nínú ìrìn-àjò náà kò pọ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi tí mo ti ń fi ojú wá oúnjẹ láti kékeré, tí gbogbo yín ń pè ní Bàbá Fótò, mo dé Dublin, ojú mi di ojú lásán. Mo ń wò, kò yé mi. Èyí tó bá yé mi ni n ó sọ bó ṣe yé mi, èyí tí kò yé mi, n kò ní parọ́ mọ́ ọn.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bá lọ. Ọmọ mi Rísíkátù ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú Gàníyù ọkọ rẹ̀. Ó bí ìbejì ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Táíwò ló kù fún wọn. Nígbà tí físà mi jáde, mo bi í lórí fóònù pé kí ni kí n gbé bọ̀. Mo rò pé yóò ní èlùbọ́ tàbí irú. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbé kámẹ́rà yín bọ̀." Mo mọ ohun tó ń wí.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni kò mọ̀. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti gbilẹ̀ láàrin wa, tí àwọn ìyá kò gbẹ́ ère fún ìbejì tó bá lọ mọ́, ọ̀dọ̀ onífótò ni wọ́n ń wá. Ọ̀gá mi, kí Ọlọ́run forí jì í, ló kọ́ mi. A ó gbé èyí tó kù jókòó lórí àga, a ó yà á lẹ́ẹ̀kan. Nínú yàrá òkùnkùn, a ó fi páálí bo apá kan ìwé, a ó tẹ ọmọ náà sí apá kejì. A ó yí páálí náà padà, a ó tún un tẹ̀. Ọmọ méjì á jókòó ti ara wọn, ìyá á gbé wọn kọ́ sára ògiri, ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́. Mo ti tẹ irú rẹ̀ tí n kò lè kà mọ́.

Ibi tí ọkọ̀ òfurufú já wa sí

Gàníyù ló wá pàdé mi. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ dídán ibẹ̀, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo ń sọ pé kí Ọlọ́run dá a sí, kó dìde, ni obìnrin òyìnbó kan sáré dé, ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbá a léjìká mú. Ó rò pé ó dákú ni. Kí n tó la ẹnu, ọkùnrin méjì mìíràn ti dúró lé wa lórí, ọ̀kan ti bọ́ kóòtù rẹ̀ láti fi ṣe ìrọ̀rí fún un. Gàníyù dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "I'm grand, I'm grand," pé kò sí ohun tó ṣe òun, wọ́n sì tú ká. N kò mọ̀ bóyá kí n tijú ni tàbí kí n dúpẹ́. Ní ìlú tí kò sẹ́ni tó mọ̀ mí, èèyàn mẹ́ta sáré wá gba ọkọ ọmọ mi là nítorí pé ó kí mi.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí. Wọn yóò bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà, wọn kò sì ní dúró gbọ́ èsì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé orúnkún mi fún ọkùnrin kan ládùúgbò, kí n tó dé ìdajì ó ti wọlé rẹ̀. Bí èèyàn bá ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, bí ẹni pé ẹ̀yìn ló fi pọ̀n ọ́n wá. Èyí wù mí, mo sì gbìyànjú ẹ̀ nígbà tí mo padà sílé. Awakọ̀ wa nílùú Ìwó bi mí pé ṣé ara mi yá.

Ìgbà ooru wọn ni mo bọ́ sí. Oòrùn ibẹ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kí àlejò dìde lọ. A ó jẹun alẹ́ tán, a ó fọ abọ́, ojú ọ̀run ṣì mọ́ kedere. Mo ń wo aago, mo ń wo fèrèsé, n kò mọ èyí tí n ó gbà gbọ́ láti kí ìrun Màgáríbì. Gàníyù ní kí n fi méjèèjì sílẹ̀, kí n máa wo ìwé tí mọ́sálásí fún wọn, tó lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á. Ìgbà wo ni ìwé wá di oòrùn?

Mulhuddart

Ibi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ń pè ní Mulhuddart. Ilé ibẹ̀ jọra débi pé ó dà bíi pé inú nẹ́gẹ́tífù kan náà ni wọ́n ti tẹ gbogbo wọn. Mo jáde lọ na ẹsẹ̀, mo padà, mo ti ilẹ̀kùn wọlé, mo bá ọkùnrin pupa kan nídìí ọbẹ̀. Kò bínú. Ó fún mi ní tíì, ó bi mí nípa bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà ló mú mi lọ́wọ́ lọ sílé tó kàn.

Lókèèrè, kéréènì àwọn kọ́lékọ́lé ló kún ojú ọ̀run. Gàníyù ní owó ti wọ ìlú náà, gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé, iṣẹ́ ló ń wá èèyàn kiri. Òun ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan ní Damastown. Ọmọlúàbí ni. Ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan jẹ, ṣùgbọ́n bó bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó máa ń yà ra iṣu fún mi. Rísíkátù pàápàá ti yàtọ̀ díẹ̀. Ó ní kí n mú ṣúgà nínú press, mo lọ dúró ti áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, àṣé kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Fótò ìyá rẹ̀ ló gbé kọ́ sókè tẹlifíṣàn, èyí tí mo yà nígbà tí ìyá náà ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tí iwájú orí rẹ̀ yọ síta tó ń dán bí àwo. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti fi wá sílẹ̀. Mo máa ń kí i kí n tó jókòó.

Ọ̀rọ̀ ìbejì náà nìyí. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àwọn ọmọ náà jáde, ara Rísíkátù kò sì yá, kò mọ ibi tó wà. Kẹ́hìndé mí ìwọ̀nba tó mí, ó lọ. Gàníyù ló wẹ̀ ẹ́, òun àti àwọn ará mọ́sálásí sì sin ín bí ẹ̀sìn ṣe wí. Ìgbà tí ojú Rísíkátù là, Táíwò nìkan ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ya fótò. Ọmọ mi kò rí ojú ọmọ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo obìnrin wa tó bá pàdé ní mọ́sálásí ń pè é ní Ìyá Ìbejì, á jẹ́ wọn lóhùn, á sì bojú wo Táíwò.

Mo ti ń nu kámẹ́rà mi lọ́wọ́ nígbà tí Gàníyù wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mi ò fẹ́ ère nínú ilé mi."

Mo ní kì í ṣe ère, fótò ni, àti pé àwọn ìyá tó ń kírun ju èmi àtòun lọ ló ń wá yà á lọ́dọ̀ mi. Ó ní òun gbọ́. Ó tún ní òun kò fẹ́. Rísíkátù wà nídìí iná, ó kẹ́yìn sí wa, n kò gbọ́ kí ṣíbí rẹ̀ ró mọ́. Ọkàn mi dàrú. Ọmọ mi ló pè mí wá, ilé ọkọ rẹ̀ ni mo sì wà. Mo dá kámẹ́rà padà sínú àpò.

Níbi iyọ̀

Ọjà ńlá kan wà ní Blanchardstown, gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ òrùlé kan, bíi pé wọ́n fi ìlú kan sínú ilé. Èmi àti Táíwò bá Rísíkátù lọ. Táíwò gbọ́ Yorùbá délẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ló fi ń dáhùn, a sì ń bá ara wa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, oníkálùkù pẹ̀lú tirẹ̀.

Mo yíjú báyìí, ọmọ kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Mo sáré wá a kiri. Mo rí i níbi tí wọ́n to iyọ̀ sí, ó dúró jẹ́ẹ́, ó ń wo òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Mo bi í pé ta ló ń wá.

"Kehinde," ló wí. "Mammy said she went for salt. Is it a big queue, Grandad?"

Ẹ̀yin mọ̀ pé a kì í ní ìbejì kú. Ó lọ ra iyọ̀ là ń wí. Bí wọ́n ṣe wí i létí Rísíkátù ní kékeré náà ló ṣe wí i fún ọmọ rẹ̀. Nílé, ọmọ tó bá gbọ́ ọ yóò gbọ́ ìyókù lẹ́nu àgbà, lẹ́nu aládùúgbò, kò ní pẹ́ tí yóò fi yé e. Ní Dublin, ta ni yóò sọ ìyókù? Ọmọdé gbọ́ iyọ̀, ó gba iyọ̀. Inú mi bàjẹ́. Mo pinnu níbẹ̀ pé bí Gàníyù fẹ́, bó kọ̀, ọmọ yìí gbọ́dọ̀ rí ibi tí ọ̀rọ̀ èkejì rẹ̀ yóò jókòó sí.

Ilé àwọn aláìlápá

Gàníyù mọ̀ pé ojú mi ti fà ro. Ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó ní òun rí i lára ibùdókọ̀ pé mùsíọ́ọ̀mù kan nígboro ń ṣe àfihàn fótò ayé àtijọ́, kí a jọ lọ wò ó. Ó fẹ́ fi tù mí lójú ni, mo sì gbà.

A wọlé, a bá àwọn ère. Ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún bíi ti Káábà àtijọ́ kọ́ o, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀. Wọ́n funfun, wọ́n ga, ọ̀pọ̀ wọn kò wọ nǹkan kan. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bá òmíràn pàdé. Gàníyù ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run lábẹ́ ẹnu. Èyí kò lápá, ìyẹn kò lórí, ìyá kan wà níbẹ̀ tó kù ní kìkì ìgbáàyà àti ìró. Kò sẹ́ni tó ń bọ wọ́n, kò sẹ́ni tó ń kí wọn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé jókòó sílẹ̀, wọ́n ń jẹ súwíìtì, wọ́n ń yà wọ́n sínú ìwé. Mo bi ara mi pé tí kì í bá ṣe pé wọ́n ń sìn wọ́n, kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n sinmi?

Ara ògiri ni fótò wọn wà. Àwọn ère yìí kan náà ni, wọ́n ti yà wọ́n láyé ìgbà tí iṣẹ́ fótò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, àwọ̀ rẹ̀ ti di bí omi tíì. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là díẹ̀. Aṣọ dúdú lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò yé mi ni pé wọ́n fi àwọn apá tó kán sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ì bá ti fi pẹ́ńsùlù kun apá tuntun fún wọn.

Obìnrin àgbà kan tó ń tọ́jú ibẹ̀, Nọ́rín lorúkọ rẹ̀, rí i pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì, ó sún mọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yára, Gàníyù ló ń bá mi tún un sọ. Ó ní àwọn onífótò ìgbà náà fẹ́ràn ère nítorí pé kámẹ́rà ń lọ́ra, ère kì í sì í mira. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, ọ̀gá mi máa ń so orí àwọn oníbàárà mọ́ igi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

Nígbà náà ni mo rí páálí kékeré kan nínú àpótí gíláàsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà lórí rẹ̀, ère ni, ó fara ti òpó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, wọ́n dúró ti ara wọn. Mo wo èyí tó kàn án. Méjì náà ni. Gbogbo wọn ni, méjì méjì.

Mo di Gàníyù lápá mú. Mo ní, "Wò ó. Òyìnbó náà ń ṣe é. Ìbejì gbogbo àwọn wọ̀nyí ló ti lọ, wọ́n wá tẹ èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì." Inú mi dùn débi pé n kò rántí pé òkúta ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní kó bi obìnrin náà kó lè gbà pé n kò purọ́.

Ó bi í. Nọ́rín kò kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń wí. Nígbà tó yé e, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun ì bá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Ó mú awò onígi kan jáde, ó ní ojú méjì, ó fi páálí kan síwájú rẹ̀, ó ní, "Have a look through this yoke."

Gàníyù ní nǹkan náà ni wọ́n ń pè ní yoke, kí n wo inú rẹ̀. Mo fi ojú sí i. Mo rí méjì, mo rí méjì, lójijì wọ́n wọ inú ara wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló dúró níbẹ̀, ó yọ síta bí èèyàn, ǹ bá na ọwọ́, ǹ bá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Mo gbé ojú kúrò, méjì ni. Mo dá a padà, ọ̀kan. Orí mi fò lọ. Ní gbogbo ayé mi, mo ń fi ọ̀kan ṣe méjì. Àwọn wọ̀nyí ń fi méjì ṣe ọ̀kan.

Nọ́rín ní àwọn tí kò lówó àtidé Róòmù tàbí ilẹ̀ Gíríìkì ló ń ra páálí náà, wọn yóò jókòó sílé, wọn yóò rí ohun tí wọn kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tún ní fótò méjèèjì kò dọ́gba. Onífótò yóò ya ọ̀kan, yóò sún kámẹ́rà díẹ̀, yóò ya èkejì, bí ojú òsì àti ojú ọ̀tún ṣe ń wo nǹkan. Ó fi ìka hàn wá: nínú ti òsì, ọwọ́ ère náà kan òpó, nínú ti ọ̀tún, àyè wà láàrin wọn.

Gàníyù bi í pé ṣé wọn kò dọ́gba lóòótọ́. Ó ní wọn kò dọ́gba. Gàníyù gba awò náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tò sẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀.

Àga ilé ìdáná

A wọ bọ́ọ̀sì padà. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí Gàníyù tó ní, "Bàbá, ẹ ya fótò náà. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣe é bí ìyá yẹn ṣe wí."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó kọjú sí fèrèsé. Mo rò pé ó ti rí ọ̀nà àbùjá kan tí kò fi ní dẹ́ṣẹ̀, n kò sì fẹ́ yí i lọ́kàn padà, mo pa ẹnu mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Rísíkátù ta aṣọ dúdú sí ẹ̀yìn àga nílé ìdáná. A gbé Táíwò jókòó, ó wọ aṣọ pupa, ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo ya ọ̀kan. Mo sún kámẹ́rà níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe ère. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, ẹnìkan kọjá lóde, Táíwò yíjú díẹ̀, ó pa ẹnu dé, ojú rẹ̀ di ojú àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà mú un. Nílé, ǹ bá tún un yà.

A fi fíìmù náà sí ṣọ́ọ̀bù ní Blanchardstown, wọ́n fọ̀ ọ́ fún wa lọ́jọ́ kan náà.

Òun kọ́

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Rísíkátù to méjèèjì sórí tábìlì. Táíwò ń ṣeré nílẹ̀ pẹ̀lú bàtà mi. Gàníyù ti dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ kóòtù.

Ọmọ mi wò wọ́n, ó wò wọ́n. Ó ní, "Bàbá, èwo ni Kẹ́hìndé?"

Kò sí ìyá tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀kan náà ni méjèèjì máa ń jẹ́, kí ni wọn yóò bi? Mo ní kó mú èyí tí ọkàn rẹ̀ bá yàn. Ó fi ìka lé ìkejì, èyí tó pa ẹnu dé. Ó ní, "Èyí ni."

"Òun kọ́," ni Gàníyù wí lẹ́nu ọ̀nà.

A wò ó. Omi òjò ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀.

"Rísíkátù, òun kọ́. Wọn ò jọra. Ó dúdú ju Táíwò lọ. Iwájú orí ẹ̀ yọ síta, bíi ti Màmá wa tó wà lára ògiri yẹn. Nígbà tí mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ní màá sọ fún ẹ tó o bá ti dìde. O wá dìde, o ń sunkún, o bi mí pé ṣé ó jọ Táíwò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó o lè dákẹ́. Àtìgbà yẹn, mi ò mọ bí màá ṣe kó ọ̀rọ̀ náà jẹ."

Ẹ gbọ́, mo ti gbé ilé náà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo ti bínú sí ọkùnrin yìí nínú ọkàn mi, mo ti rò pé ẹ̀sìn ló le lórí rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn pé òun nìkan láyé yìí ló gbé ojú ọmọ náà dání, àti pé fótò tí mo fẹ́ yà fẹ́ gbé ojú mìíràn lé e lórí. Ojú tì mí díẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí púpọ̀.

Rísíkátù dìde, ó lọ já fótò ìyá rẹ̀ bọ́ lára ògiri, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò tí Táíwò ti ń rẹ́rìn-ín, lórí ìkejì, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá ọmọ méjì wo ọmọ méjì.

"Ṣé ó lajú?" ló bèèrè.

"Ó lajú," Gàníyù dáhùn. "Ó wò mí. Ó pẹ́ kó tó mójú kúrò."

Ó fa àga, ó jókòó tì í. Mo fa Táíwò lọ́wọ́, a jáde lọ dúró sí ẹ̀bá ilé, níbi tí òjò ti ń ta sí wa lẹ́sẹ̀. Ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí là ń ṣe níta. Mo ní kí màmá àti dádì rẹ̀ lè wo Kẹ́hìndé dáadáa.

"Is she back?" ló wí.

Mo bojú wo ẹ̀yìn láti fèrèsé. Wọ́n ti fi orí kan orí lórí tábìlì náà. N kò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni mo sọ fún ọmọ náà tàbí irọ́, n kò sì tí ì mọ̀ ọ́n dòní. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dé.